Oògùn Túúlu Kì í Ṣe Iyọ̀ Ọbẹ̀

Ní gbogbo agboolé wa ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ìtìjú nínú kí obìnrin rán ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò láti tọrọ iyọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó ní a fún ẹni tí kò ní. Ẹni tí ó tọrọ lónìí lè di ẹni tí a óò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ìwà rere ni. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni iṣẹ́ mi, mo sì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ilé tí a kò ti ń fún ara ẹni ní nǹkan kò tíì di ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí ó bá iyọ̀ àti ata rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ohun náà ni oògùn tí dókítà kọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lóṣù yìí ni oògùn túúlu.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí túúlu ti ń bá èmi pẹ̀lú jà láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Túúlu kì í ṣe orí fífọ́ lásán. Orí lè fọ́ ènìyàn nítorí ibà, nítorí àárẹ̀, tàbí nítorí oòrùn ọ̀sán. Túúlu yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ kan orí ni ó máa ń mú, a sì máa lù bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Èébì a máa gbé ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ a di ọ̀tá, ariwo ọmọdé a dàbí ìró ìbọn. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa rí ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn wọ́gọwọ̀gọ níwájú ojú wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí títí dé wákàtí kan, kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ́.

Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà, ní agbègbè Ìbàràpá tí ó bá wa pààlà, wọ́n sì bi bí 19,000 ènìyàn léèrè nípa orí fífọ́. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, ó lé díẹ̀ ní ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí túúlu ti bá jà. Iye àwọn obìnrin sì fi díẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá wo yíká ọjà yín, ẹ ó rí i pé a kò kéré níye.

Oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí oògùn náà ti wá. Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tálákà a máa fi ọkà kan tí ń jẹ́ rye ṣe búrẹ́dì. Ní ọdún tí òjò bá pọ̀, ohun dúdú kan a máa hù lára ọkà náà, gẹ́gẹ́ bí nǹkan ti máa ń hù lára èlùbọ́ tí kò gbẹ. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a fún pọ̀. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa jó o bí iná, wọn a dúdú, wọn a sì já. Láti ara ohun burúkú yìí kan náà ni Arthur Stoll, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti yọ oògùn tí a ń pè ní ergotamine ní ọdún 1918. Wọ́n rí i pé bí a bá lo ìwọ̀nba kékeré, fífún tí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dá túúlu dúró. Nígbà tí ó di ọdún 1991, oògùn tuntun kan, sumatriptan, jáde ní Yúróòpù. Ewu tirẹ̀ kéré sí ti ergotamine, ṣùgbọ́n òun náà a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí: oògùn tí ń wo orí sàn kì í dúró sí orí nìkan. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọkàn.

Sumatriptan ni dókítà kọ fún mi, lẹ́yìn tí ó ti wọn ìfúnpá mi, tí ó sì ti bi mí nípa ọkàn mi, nípa oyún, àti nípa gbogbo oògùn mìíràn tí mo ń lò. Inú àpò mi ni ó máa ń wà. Kò pẹ́ kí gbogbo agboolé tó gbọ́ pé oògùn ìyàwó olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ kíákíá.

Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tí ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, wá bá mi. Ó ti di orí mú fún ọjọ́ méjì.

“Ìyàwó, fún mi nínú oògùn rẹ yẹn. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́.”

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Oògùn yẹn kò ṣeé fún ẹlòmíràn.”

“Ṣé èmi wá ni ẹlòmíràn nínú ilé yìí?”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ọkọ ni ó jẹ́ sí mi. Òun ni ó wẹ àkọ́bí mi, tí ó sì pọ̀n ọ́n, nígbà tí èmi kò tíì lè dìde dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kọ̀, ó ní ìwé tí mo kà ti sọ mí di ahun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi bá mi bẹ̀ ẹ́, a sì mú un lọ. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀: 190 lórí 115. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò sì mọ̀ rí pé òun ní in. Bí mo bá ti fún un ní ẹyọ kan péré náà, oògùn tí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ǹ bá fi lé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń ru lórí.

Fún bí oṣù kan, kò bá mi sọ ju ìkíni lọ. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lónìí, ó sì ń ta aṣọ rẹ̀. N kò rò pé ó ti gbàgbé tán pé mo kọ̀ fún òun. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó wà láàyè kí ó sì máa bínú.

Ta ni kò gbọdọ̀ lo irú oògùn yìí? Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì sí ní ìkáwọ́, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa sí ẹsẹ̀ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ lo sumatriptan àti ergotamine láàárín wákàtí 24 síra wọn. Ẹni tí ń lo ergotamine kò gbọdọ̀ lo erythromycin tàbí clarithromycin, tàbí ritonavir tí ó wà nínú àwọn oògùn kòkòrò HIV kan. Wọ́n lè mú kí ergotamine pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ títí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí tramadol, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ sumatriptan fún yín.

Ẹni tí wọ́n sì kọ ọ́ fún pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo túúlu ni ó nílò rẹ̀. Paracetamol tàbí ibuprofen tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a bá tètè lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú yàgò fún ibuprofen àti aspirin. Bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí a lo sumatriptan; a kì í lò ó lójoojúmọ́ láti fi dènà túúlu. Bí hóró àkọ́kọ́ kò bá ṣe nǹkan kan rárá, kí a má ṣe fi òmíràn lé e nítorí orí kan náà. Bí orí bá lọ tí ó sì padà, a lè lo ìkejì lẹ́yìn wákàtí méjì, ó kéré tán. Hóró kan lè jẹ́ mílígíráàmù 50 tàbí 100. Ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pé kò gbọdọ̀ ju 200 lọ láàárín wákàtí 24. Oorun lè kun ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kí a má wa ọkọ̀, kí a má sì dúró ti òróró gbígbóná. Àyà tàbí ọ̀fun lè dàbí ẹni pé ó fún díẹ̀, kí ó sì lọ. Bí ó bá le, tàbí tí kò lọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, ẹ má sì tún fẹnu kan oògùn náà títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò.

Ewu kan tún wà tí ń yọ́ wọlé. Oògùn orí fúnra rẹ̀ lè di ohun tí ń fọ́ orí. Bí a bá ń lo sumatriptan tàbí ergotamine ní ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tí ó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ nítorí oògùn náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn tí a pò pọ̀ mọ́ caffeine. Alábùkún tí gbogbo wa mọ̀, tí Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlatẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, aspirin àti caffeine ni ó wà nínú rẹ̀. Paracetamol nìkan pàápàá, bí ó bá tó ọjọ́ 15 lóṣù, ó ti pọ̀ jù. Ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná yín ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá lo oògùn orí. Bí àmì bá ń pọ̀ sí i, ẹ mú kàlẹ́ńdà náà lọ fún dókítà. Oògùn mìíràn wà tí ó lè kọ láti dín túúlu kù.

Àwa obìnrin ní ọ̀rọ̀ tiwa lọ́tọ̀. Ẹni tí ń rí ìmọ́lẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ kí túúlu tó dé kò gbọdọ̀ lo hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí èròjà estrogen wà nínú rẹ̀, nítorí ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà mìíràn wà. Aboyún kò gbọdọ̀ lo ergotamine rárá, nítorí a máa mú ilé ọmọ sún kì. Ara ohun tí a ti yọ ọ́ náà ni ergometrine ti jáde, èyí tí àwọn agbẹ̀bí ń lò láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbí. Bí orí bá sì ń fọ́ aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́rin àbọ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ọwọ́ tàbí ojú rẹ̀ wú, kí a má pè é ní túúlu. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tí ń mú gìrì lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Àwọn orí mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fi oògùn ilé dá dúró: èyí tí ó dé lójijì tí irú rẹ̀ kò sí rí, èyí tí ó bá ibà àti ọrùn líle rìn, èyí tí ó mú apá kan ara kú tàbí tí ó mú ọ̀rọ̀ lọ́ lẹ́nu, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50.

Bí ẹ bá fẹ́ ra oògùn tí dókítà kọ, ẹ rà á ní ọ̀dọ̀ apòògùn tí ó gba ìwé àṣẹ, kì í ṣe lórí àtẹ ọjà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Ẹ má fi í sí abẹ́ páànù gbígbóná tàbí inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ̀rùn wa kò ṣàánú oògùn.

Nígbà tí aládùúgbò bá sì di orí mú wá sọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe fi ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ráńṣẹ́ sí i padà. Ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ díẹ̀, nítorí ebi àti òùngbẹ a máa ru túúlu sókè. Ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ẹ bá a di ọmọ rẹ̀ mú, ẹ bá a jókòó ti àtẹ rẹ̀ ní ọjà, kí ẹ sì bá a lọ wọn ìfúnpá. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè tọrọ, tí a sì lè fi fún ara wa láìsí ìbẹ̀rù, bí iyọ̀ ọbẹ̀. Hóró oògùn inú àpò yín nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.