Kí ẹ tó ra dátà sí i: bí mo ṣe wá ibi tí PS4 wa ti ń fà ní Ìṣùà

Tí gémù yín bá ń fà lórí PS4, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra dátà sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń fà. Ìṣùà Àkókó ni mo ti ń kọ èyí, ní Àkókó wa tó kún fún òkè àti àpáta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá a. Thread yìí gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ 🧵

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni PS4 náà. Nígbà tó ń lọ sí Manchester ní 2022, ó fi í sílẹ̀ fún mi, ó wá ra òmíràn lọ́hùn-ún. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè la máa ń gbá bọ́ọ̀lù pa pọ̀, èmi ní pálọ̀ wa, òun nínú yàrá rẹ̀ níbẹ̀.

Tó bá pè wá lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. "Ẹ kú alẹ́ o, Màámi. Ṣé àlàáfíà ni? A dúpẹ́. Mo ti fi nǹkan ránṣẹ́." Ó parí. Àmọ́ tí ojú ẹ̀ bá wà lára bọ́ọ̀lù, tí ọwọ́ ẹ̀ ń tẹ páàdì, ẹnu ẹ̀ á tú. Á sọ ti ibi iṣẹ́, á sọ ti onílé ẹ̀, á sọ ti òtútù. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń gbé gan-an.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé láti nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Màá tẹ shoot, ẹsẹ̀ player ò ní gbéra. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi á máa já bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú. Tó bá yá, gémù á lé wa jáde. Kí n tó padà wọlé, ó ti lọ sùn, torí aago márùn-ún ìdájí ló ń jí lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́, àárín ibẹ̀ ló máa já sí.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra dátà tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ rèé: speed yàtọ̀ sí ping. Speed, tí wọ́n ń fi Mbps kà, ni bí ẹrù tí ọkọ̀ lè kó lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ping ni iye àkókò tí ọkọ̀ fi lọ tó sì fi bọ̀. Tírélà lè kó ẹgbẹ̀rún iṣu láti Ìṣùà lọ sí Ìkàrẹ́, àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ọ̀kadà tó tètè ń dé lẹ máa wá.

Lẹ́tà ni gémù bọ́ọ̀lù ń fi ránṣẹ́: mo tẹ X, mo yí sí ọ̀tún, mo pàásì. Wọ́n kéré gan-an. Gémù tí ẹ ń gbá lọ́wọ́ kì í sábà lo tó 1 Mbps. Update tó ń jẹ ọ̀pọ̀ GB ló nílò tírélà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní 30 Mbps fi lè máa lag, tí ẹni tó ní 4 Mbps á sì máa gbá tiẹ̀ wẹ́rẹ́.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n: lórí PS4, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Network, ẹ tẹ Test Internet Connection. Á fi download, upload àti NAT Type hàn yín. Tí NAT Type bá jẹ́ 3, ó lè ṣòro láti gbọ́ ohùn ara yín nínú party. Àmọ́ kò ní fi ping hàn yín níbẹ̀.

Fóònù ni mo fi wọ̀n ping. Mo so ó mọ́ Wi-Fi tí PS4 ń lò, mo ṣí app speed test, mo yan server tó wà ní England. Ìdájí, ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí mo rí: ìdájí, 125 ms. Ọ̀sán, 150. Alẹ́, 270, ó sì máa ń fò dé 600 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, torí náà 600 ti ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lọ. Gólì ti wọlé kí goalkeeper yín tó mọ̀ pé wọ́n gbá a! Download alẹ́ yẹn sì ṣì wà ní 6 Mbps o. Ọ̀nà fẹ̀ tó. Nǹkan kan ló ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù, ká lè mọ èyí tí apá wa ò ká. Wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Ó gùn tó nǹkan bí 7,000 km láti Portugal dé Èkó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nínú gíláàsì sì ń sáré nǹkan bí 200,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in wò: 35 ms ní àlọ, 35 ms ní àbọ̀. 70 ms ti lọ nìyẹn, a ò tíì kúrò ní Èkó wá sí Àkókó, a ò sì tíì kúrò ní Portugal dé Manchester.

Torí náà 125 tí mo rí ní ìdájí yẹn, bó ṣe yẹ kó rí náà ni. Ẹni tó bá ní òun ní app tó máa sọ ọ́ di 20 ms láti ibí sí England, ẹ sá fún un. Ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni DNS 1.1.1.1 àti 8.8.8.8 tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀. DNS dà bí ẹni tẹ́ ẹ bi léèrè ọ̀nà ní oríta. Ó lè tètè dá yín lóhùn, kí ojú ìwé tètè ṣí, àmọ́ kò lè fa Ìkàrẹ́ sún mọ́ Ìṣùà. Tí match bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ó wá ku láti 125 dé 270. 145 ms tó sọnù lálaalẹ́ yẹn ni mo ń lé kiri.

IBI KÌÍNÍ: inú ilé. Mo wọ̀n ping láti fóònù sí router fúnra ẹ̀, kò jáde síta rárá. Ó yẹ kó máa wà ní ìsàlẹ̀ 10 ms. Tiwa ń fò dé 80 nígbà míì. PS4 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2013, irú tiwa, Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ló ń gbà. Slim àti Pro tó jáde ní 2016 ló ń gba 5 GHz mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà 2.4 yẹn kan náà ni Bluetooth páàdì ń gbà, òun náà ni Wi-Fi aládùúgbò ń gbà, ògiri méjì sì tún wà láàárín.

Mo ra wáyà LAN onímítà 15 ní Ìkàrẹ́, mo so PS4 mọ́ router tààrà. Mo yá laptop ọ̀rẹ́ mi, mo ki wáyà náà bọ̀ ọ́, mo tún un wọ̀n. Fífò dé 600 yẹn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Alẹ́ wá di 220. Ó sàn, àmọ́ kò tíì tó.

IBI KEJÌ: àwa tí a wà nínú ilé. Fóònù márùn-ún ló wà lórí Wi-Fi lálẹ́ Sọ́ńdè, fọ́tò àti fídíò tí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ń gòkè lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. Upload kì í sábà fẹ̀ tó download. Ẹ ronú ẹ̀rọ omi àdúgbò: ọmọ tó mú ife kan wá tò sẹ́yìn ẹni tó kó ogún kẹ́ẹ̀gì wá. Omi inú ife ò tó nǹkan, àmọ́ ọmọ yẹn máa dúró. Ife yẹn ni gémù wa.

Mo bẹ gbogbo ilé kí wọ́n pa backup láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Màámi ní, "Àbí fọ́tò mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ yín lọ́wọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú mà, òun gan-an ni." Tí router yín bá ní QoS, ẹ lè fi í dín upload fóònù kù, kí ẹ sì fi PS4 ṣíwájú. Update PS4 náà, òru ni kó máa wọlé, nínú Rest Mode, tí iná bá wà. (Ọ̀rọ̀ iná, thread ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Alẹ́ bọ́ sí 190.

IBI KẸTA: ibi tí router jókòó sí. SIM ni tiwa ń lò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ router yín, ẹ máa rí àdírẹ́sì tí ẹ máa tẹ̀ sínú browser. Nínú ibẹ̀, ẹ wá RSRP. Òun ló ń sọ bí router ṣe ń gbọ́ ọ̀pó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Àmì ìyọkúrò máa ń wà níwájú ẹ̀, bó bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe dáa tó. -85 dáa. -110 ò dáa rárá.

Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ni tiwa wà: -111. Páànù lókè, irin lójú fèrèsé, òkè níta. Irin àti àpáta kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá dáadáa. Tí kò bá wá lágbára, router á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀pó tó gbọ́, bí ẹni tó ń kígbe láti orí òkè kan sí èkejì. Àtúnsọ yẹn ló ń jẹ àkókò.

Mo fi extension gbé e kiri ilé bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Yàrá mi: -107. Ẹ̀yìnkùlé: -98. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì, lókè: -93. Màámi ní kí ni ìyẹn ń wá nítòsí ìkòkò òun. Mo kan pákó kékeré sókè, ó jìnnà sí iná, ó jìnnà sí omi, wáyà LAN sì ń tọ ògiri bọ̀ ní pálọ̀. Alẹ́ di 165.

IBI KẸRIN: ọ̀pó fúnra ẹ̀. Ní alẹ́, gbogbo ìlú ló ti dé láti oko, láti ọjà, láti ilé ìwé, gbogbo wa sì ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo lè ṣe ni pé mo yá SIM mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, mo wọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ra dátà sórí èyí tí alẹ́ ẹ̀ dáa jù. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀. Èyí tó dáa ní Ìṣùà lè má ríran ní Ọ̀kà.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni ní England, ẹ tún lè yí àkókò padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa bára mu. Nígbà òtútù, wákàtí kan la fi ṣíwájú wọn. Aago méje àárọ̀ Sátidé ní Ìṣùà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń bá yín du nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn kan á ní Starlink ńkọ́? Ó dé Nàìjíríà ní January 2023, ilẹ̀ wa ló kọ́kọ́ dé ní Áfíríkà. Sátẹ́láìtì ẹ̀ wà lókè ní nǹkan bí 550 km, kò nílò ọ̀pó àdúgbò, ojú ọ̀run tó mọ́ gaara ló ń wá. Tí apá yín bá ká a, ó dáa. Apá tiwa ò tíì ká a.

Ẹ sì rántí pé àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí oògùn fún un. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbé router gun orí òkè Ọ̀kà, asán ni. Ẹ pa gémù, ẹ lọ sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò pé 160 ṣì pọ̀: 160 tó dúró sójú kan sàn ju 90 tó ń fò dé 400. Ọwọ́ á mọ́ ọn lára, ẹ máa kọ́ bí ẹ ṣe ń tètè tẹ páàsì. Èyí tó ń fò, kò sí ọwọ́ tó lè mọ̀ ọ́n.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, a gbá match mẹ́ta, kò já. Ní half-time ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ó ti rẹ̀ mí o. Mo ń rò ó pé kí n máa bọ̀ nílé." Kò tíì sọ irú ẹ̀ rí látọjọ́ tó ti lọ. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kankan ò tẹ páàdì. Màámi tó jókòó lẹ́yìn mi gba headset lórí mi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìṣùà. Ohun tí wọ́n sọ, tilé ni. Èmi ń wo laptop tí mo so mọ́ router: 158, 161, 159.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kó o jọ, láti èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ wọ̀n ping lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ pa backup fóònù. Ẹ gbé router lọ sí ojú fèrèsé, kẹ́ ẹ máa wo RSRP. Ẹ yá SIM kẹ́ ẹ tó ra. Lẹ́yìn náà, wáyà LAN. Dátà ńlá ló kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ṣì nílò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Akùngbá, Ìpè, Ìfira, ẹ kọ òǹkà mẹ́ta tiyín sísàlẹ̀: ìdájí, ọ̀sán, alẹ́. Ẹ fi RSRP kún un. A ó jọ wá ibi tó ti ń fà.