Ọkọ̀ Mi Kò Ya Wèrè, Omi ni ó Wọ Ọpọlọ Rẹ̀

Tíṣà ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni wọ́n kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá ní mọ́tò tòkúnbọ̀, pàápàá bí ó bá ní ìyá àgbà nílé.

Ní ayé àwọn bàbá wa, nígbà tí àwọn tíṣà ń wa Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, wáyà kan ni ó ń ti ara bátìrì lọ sí ibi tí a ti ń tan iná, òmíràn a sì ti ibẹ̀ lọ sí ara gílóòbù. Bí iná kò bá tàn, nínú kí gílóòbù ti jó, kí fíyúùsì ti já, tàbí kí wáyà ti gé ni. Mọ́tò òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kí gíláàsì lè sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe gíláàsì ni ẹ pàṣẹ fún. Àpótí kékeré kan ni ẹ bẹ̀ níṣẹ́, òun ni yóò wá pàṣẹ. Àpótí náà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BCM. Ọwọ́ rẹ̀ ni iná iwájú àti ti ẹ̀yìn wà, àti tíráfíkétọ̀, wípà, họ́ọ̀nù, títì àti ṣíṣí ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, òun náà ni ó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́. Ọpọlọ ti ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀. Ti ara ọkọ̀ ni eléyìí. Àwọn méjèèjì a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, ọgbọ́n kan tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé jáde ní ọdún 1986.

Ní ọdún 2021 ni mo yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ láti fi ra ọkọ̀ tèmi. N kò ní dárúkọ àwọn tí ó ṣe é, nítorí ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Nítorí Màmá ni mo ṣe rà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, oṣooṣù ni a sì ń gbé wọn láti Ọ̀yọ́ lọ rí dókítà ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba sì kéde ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó ọkọ̀ fò sókè ní gbogbo gáréèjì, mo dúpẹ́ pé a kò ní máa fa Màmá sókè sódò láàárín èrò.

Àfi bí òjò oṣù keje ṣe dé. Wípà bẹ̀rẹ̀ sí gbá gíláàsì gbígbẹ. Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo méjì, iná iwájú dá tàn fúnra rẹ̀, ó sì tan ojú fèrèsé aládùúgbò wa bí ọ̀sán. Họ́ọ̀nù ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Bátìrì a sì kú láàárọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò kan náà tí iná ń jí ni mo tún ń bẹ̀ pé kí ó fún mi níná lára ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní sùúrù. Ọlọ́run yóò san án fún un.

Gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ọjọ́ tí ẹ̀rín tán ni ọjọ́ tí a dúró ní Mọ́níyà kí n lè ra omi fún Màmá láti fi lo oògùn. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa fẹ́ sí wọn. N kò tíì gba ṣéńjì tí mo gbọ́ “kà!” Gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì rèé, ó ní ohun kan tí wọ́n fi ń dí i kí ọmọdé má baà lè ṣí i láti inú, a sì ti dí i nítorí ọmọ náà. Oòrùn agogo kan ọ̀sán ń jó. Mo ń wo Màmá láti ìta, òógùn bò wọ́n, ètè wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń pe orúkọ bàbá mi tí ó ti kú. Ẹnì kan ti gbé òkúta kí a fọ́ gíláàsì, nígbà tí ọmọ náà gun àárín àga kọjá sí iwájú bí mo ṣe ń júwe fún un, tí ó sì fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bóyá kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá bí ó ṣe máa ń ru.

Láti ọjọ́ náà Màmá ní àwọn kò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n ti mọ ẹni tí ó ṣe é. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì tí bàbá wa fi sílẹ̀, ti wí nígbà tí ọkọ̀ náà dé pé, “Ẹ kú oríire o, ọkọ̀ yìí yóò fọhùn.” Àdúrà ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní, “Àjàní, ṣé o kò gbọ́ ọ bí ó ṣe ń fọhùn ni?” Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi jẹ́ kíkí Ìyá Kékeré, inú agbo ilé kan náà sì ni gbogbo wa ń gbé.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ríwáyà kan. Ó ní òun yóò gé wáyà ilẹ̀kùn, òun yóò so iná iwájú mọ́ bátìrì tààrà, òun yóò sì gbẹ́ ihò kan sí dáṣíbọ́ọ̀dù fún bọ́tìnì tuntun. Èkejì kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó fi ní kí n lọ ra BCM. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìṣe ìṣirò, n kì í fún un ní máàkì.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó gbà mí. Ó ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ iná mọ́tò báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ má tíì ra nǹkan kan, sà. Ẹ jẹ́ kí á bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ná.”

Ó ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ bọ ojú ihò mẹ́rìndínlógún tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, irú èyí tí ó di dandan lára mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996. Àwọn nọ́ńbà tí ó jáde ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, tí í ṣe ti ara ọkọ̀, àti U, tí í ṣe ti ọ̀rọ̀ tí àwọn àpótí ń bá ara wọn sọ. Ó wọn bátìrì: lẹ́yìn tí a ti gba iná sí i dáadáa, fólítì 12.6 ni, kò ní àrùn. Ó wá ti gbogbo ilẹ̀kùn, a jókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí àwọn àpótí lè sùn, ó sì wọn iná tí ọkọ̀ ń mu nígbà tí ó yẹ kí ó máa sùn. Kò yẹ kí ó ju nǹkan bí mílíáńpù 50 lọ. Tèmi lé ní 700! Ó ń yọ fíyúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yọ ti BCM, iye náà já wálẹ̀ lójijì.

Síbẹ̀ kò dá a lẹ́bi. Ó ní bí iná tí ń wọ inú àpótí kò bá pé, tàbí tí wáyà tí ó so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ bá ti dípẹtà, àpótí tí ó sàn yóò máa ṣe bí aṣiwèrè. Ó wọn méjèèjì, wọ́n pé. Ìgbà náà ni ó tú bátìrì, láti orí òdì, tí ó ní kí á dúró díẹ̀ nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí í máa bẹ́ nígbà ìjàǹbá, kí ó tó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń jókòó níwájú. Ẹ̀yin ènìyàn, omi ń kán! Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà kí ó tó wọ orílẹ̀-èdè wa ti pààrọ̀ gíláàsì iwájú rí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì mú ní igun kan. Orí àpótí ni òjò ń tọ̀ sí. Àwọn eyín rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n tutù bí ewé gbúre.

Gíláàsì ni a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí bí a bá gbé àpótí tuntun sábẹ́ omi kan náà, tuntun yóò dà bí àtijọ́ kí òjò náà tó tán. A tún wáyà tí ó dípẹtà ṣe pẹ̀lú. Tuntun láti ilé-iṣẹ́ ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Àlòkù ní Ládípọ̀ ní Mùṣin kò tó owó oṣù kan. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi lọ, ó sì kọ àpótí mẹ́rin sílẹ̀ tí ojú wọn dà bíi tèmi, nítorí nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn kò bá tèmi mu. Nọ́ńbà kan péré lè túmọ̀ sí pé mọ́tò rẹ̀ kò ní iná kùrukùru tàbí pé irú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé kí a kàn ki í bọ ibẹ̀ ni ó kù, kò tíì rí nǹkan kan. Àlejò ni àpótí náà: mọ́tò ẹlòmíràn ni ó mọ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn ni ó ń retí. Ọmọ náà fi kọ̀ǹpútà kó ohun tí ó wà nínú iyè àpótí àtijọ́ sínú èkejì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ ìwé àti òǹkà 17. Nígbà tí ó gbé e sínú ọkọ̀ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀, ó fi ohun tí ń gba iná sí bátìrì há a, nítorí bí iná bá rẹ̀ láàárín iṣẹ́, àpótí náà lè kú pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ta ní ẹ̀ẹ̀kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bátìrì wà láàyè.

Mo gbé àpótí àtijọ́ lọ fún Màmá. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n yí i, wọ́n fi èékánná ha ìpẹtà aláwọ̀ ewé náà, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ta ni ó bu omi sí i?” Mo ní òjò ni. Wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ọmọ mi tí ó ru iṣu méjì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré. Mo bi í pé ta ni ó rán an. Ó ní Màmá Àgbà ni, wọ́n sì ní kí òun má sọ ohunkóhun.

A ti ń lọ sí Ìbàdàn padà. Ṣùgbọ́n iwájú ni Màmá ń jókòó sí báyìí, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lára ọwọ́ ilẹ̀kùn títí a ó fi dé.