Fíìmù Méjì ní Ìsẹ́yìn

Bí ènìyàn bá gba Mọ́níyà kúrò ní Ìbàdàn, díẹ̀díẹ̀ ni igbó ń di ọ̀dàn, títí igi igbá àti igi ẹmì yóò fi gba ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn ni mo ń lọ, pẹ̀lú fíìmù méjì nínú kọ̀ǹpútà mi.

The Woman King tí Hollywood gbé jáde ní 2022 ni a kọ́kọ́ wò. Viola Davis gbìyànjú gidigidi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun obìnrin Dàhómì, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ ẹlẹ́ṣin ni ọ̀tá níbẹ̀. Lóòótọ́, Dàhómì sanwó ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Dàhómì kan náà ló sì kógun ja Abẹ́òkúta ní 1851, tó pa Kétu run ní 1886. Ìyá àgbà kùn pé: "Ṣé àwa nìyẹn?"

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a wo ti Thailand, How to Make Millions Before Grandma Dies, ti ọdún 2024. Ọmọkùnrin kan ń tọ́jú ìyá àgbà rẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe, kí ó lè jogún ilé rẹ̀. Èmi ni mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ìyá àgbà mi ti mọ gbogbo wọn rí.

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé torí ilé yìí lo ṣe wá?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n wá ìwé ilé náà kí n tó gbéra.

Ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ lò. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan. Fíìmù tó dárúkọ wa kò mọ̀ wá. Èyí tí kò gbọ́ orúkọ Ìsẹ́yìn rí ló wọ ilé wa.