Ojú Bàṣé

Dáṣíbọ́ọ̀dù bàṣé bàbá mi ti là kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rìwáyà. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí oòrùn ọ̀sán máa ń pa sí, ó gba ẹ̀gbẹ́ géèjì epo sọ̀ kalẹ̀, ó sì kú sí etí ihò tí àwọn amusìgá ń gbọn eérú sí. Bí èèyàn bá ti ìka bọ ibẹ̀, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á máa bu bí ẹ̀bà àná tó gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Rẹ́sìn òkè tó dúdú kirikiri nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ tuntun ti ṣì, etí rẹ̀ sì ti ká sókè bí ewé kókò tó gbẹ.

Peugeot 504 onígbá ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà. Bâchée ni wọ́n ń pè é ní Côte d'Ivoire, nítorí tapólì tí wọ́n ń ta bo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, àwa Yorùbá Àbíjàn sì sọ ọ́ di bàṣé. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n èyí tó ń kẹ́rù kò dé títí àwọn ọdún 1970 fi ń parí lọ. Ti bàbá mi ti ru iṣu, ó ti ru ìdì aṣọ, ó ti ru ìyàwó tuntun àti àpótí rẹ̀, ó sì ti gbé òkú ará ilé wa kan láti Adjamé lọ síbi tí a sin ín sí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú kan náà ni bàbá mi ń wò níwájú rẹ̀: ojú mẹ́ta róbótó tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn sítíárìn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wọn.

Lẹ́yìn Riviera Palmeraie ni rìwáyà wa ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ilé olókè méjì há mọ́ àárín. Àwọn takisí wôrô-wôrô aláwọ̀ ìyeyè ń dún kọjá lójú títì, àwọn jíìpù tí iwájú wọn jẹ́ kìkì gíláàsì àti àwòrán ń yọ́ wọ géètì ilé wọn. Ọmọ Èjìgbò ni rìwáyà náà, bíi ti bàbá mi. Kò sí àdúgbò tí ọmọ Èjìgbò kò sí ní ìlú yìí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ìgbà tí dókítà ń tẹ ikùn aláìsàn.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Èyí ti kọjá gọ́ọ̀mù."

Bàbá ní òun mọ̀.

Orí bátìrì tó so mọ́ ara irin ọkọ̀ ni rìwáyà kọ́kọ́ tú, kí iná má baà ta sí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló yọ sítíárìn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń sọ Diúlà, tó sì ń pe bàbá mi ní vieux, ìyẹn àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, ó sì ń to súkúrù sórí rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ti apá òsì lápá òsì, ti ọ̀tún lápá ọ̀tún, èyí tó gùn lókè, kúkúrú nísàlẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtò náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni iwájú wọn ń mì jìgìjìgì lónìí, kì í ṣe nítorí ogbó, bí kò ṣe pé ẹni tó tú wọn nígbà kan fi súkúrù gígùn sí ihò kúkúrú, ó sì fọ́ ẹnu ihò náà.

Nígbà tí wọ́n fa àwo géèjì síta, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí òjò ṣe. Òru ọjọ́ 18 mọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2018, òjò tó pa èèyàn ní Àbíjàn, tí omi sì bo Palmeraie mọ́lẹ̀, bá bàṣé níbi tí a gbé e sí. Omi dé ìjókòó. A fọ ọkọ̀ náà, a sá a, ó sì jí; a rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn ẹnu wáyà ti hu èérí aláwọ̀ ewé, ike tó dì wọ́n mú ti gan, ó ń ṣẹ́ bí ìkarahun ìgbín bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. Rìwáyà tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ọ́ lẹ́yìn òjò náà, ẹlòmíràn ni, ti gé wáyà mẹ́rin, ó lọ́ wọn pọ̀ lásán, ó fi lẹ́ẹ̀lì wé e. Inú bí mi. Ọ̀gá yìí kò sọ nǹkan kan. Ó mú bébà tó ń lẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí wáyà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi fóònù ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí ó tó fa ẹyọ kan yọ.

Ó ṣàlàyé ohun tó ti ń rú wa lójú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí bàbá bá tan iná iwájú lálẹ́, abẹ́rẹ́ géèjì epo á fò sókè, bí ẹni pé áńgẹ́lì rọ dísẹ́ẹ̀lì sí i. Wáyà tó ń dá iná padà sí ara irin ló ti jẹra, ni iná bá ń wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì ń gba inú géèjì kọjá. Ó fi bébà oníyanrìn ha irin ibẹ̀ títí ó fi ń dán, ó de wáyà tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí kò tó ogún ìṣẹ́jú ló tán ìyọnu ọdún mélòó kan.

Nínú ihò ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ọmọ iṣẹ́ kó àwọn nǹkan tó ti jábọ́ síbẹ̀ jáde: ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà mẹ́sàn-án láìsí okùn, ìyarun kan tó jẹ́ ti ìyá mi, àti owó wẹ́wẹ́ sẹ́fà tó ní àmì ẹja onímú ayùn, èyí tí wọ́n yà bí òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan. Bàbá nu ìyarun náà mọ́ ara bùbá rẹ̀, ó fi sápò.

Dáṣíbọ́ọ̀dù tí a fi rọ́pò, Nàìjíríà ló ti wá. Bàbá sọ pé nígbà tí wọ́n gé owó sẹ́fà sí ìdajì ní oṣù Kìíní 1994, ohun ọkọ̀ tó ń ti Faransé bọ̀ kọjá ọwọ́ òun, àtìgbà náà ni òun ti ń yíjú sílé. Ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ó sì ń to 504 títí wọ inú àwọn ọdún 2000, tí Faransé ti jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́. Nàìjíríà sì ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, nítorí náà apá òsì ni sítíárìn 504 Kàdúná wà, gẹ́gẹ́ bíi ti Àbíjàn. Ti Kẹ́ńyà tàbí Gúúsù Áfíríkà ì bá jẹ́ ẹrù lásán fún wa, apá ọ̀tún ni tiwọn. Àbúrò bàbá tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà lára píkọ́ọ̀pù kan tó ti kú, ó fi àǹkárá àtijọ́ wé e, ó gbé e sínú bọ́ọ̀sì Èjìgbò: ẹnubodè Sèmè, Hilla-Condji, Aflao, Elubo, kí ó tó wọ Noé.

Egungun rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n awọ òkè rẹ̀ náà ti gbẹ. Ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Bonoumin gbé rẹ́sìn méjì wá kí a mú. Ọ̀kan ń dán bí bàtà ọdún. Mo bẹ bàbá kí ó má mú un. Ohun tó bá ń dán lábẹ́ gíláàsì iwájú, oòrùn á gbé àwòrán rẹ̀ sókè sójú awakọ̀, kò sì ní rí ọmọ tó bá sáré gba títì kọjá. Èyí tó dúdú láìdán ni a mú. Ọkùnrin náà sá a sóòrùn kí ó rọ̀, ó na án bo fóòmù tuntun, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, títí afẹ́fẹ́ kankan kò fi sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, mo gbé etí mi lé e, mo fi ìka kàn án. Ó dún kẹ́lẹ́, bí ìlẹ̀kùn ilé tó kún.

Sípídómítà ló kù. Okùn tó ń ti ara gíà bọ̀ wá yí i ti já ní 2011, ní àkókò tí ìbọn ń dún ní Riviera Golf, tí kò sí ẹni tó ń bìkítà nípa sípídómítà. Láti ìgbà náà, 73 418 ló wà lójú rẹ̀. Eyín ike inú rẹ̀ náà ti yọ. Èyí tó bá dáṣíbọ́ọ̀dù Kàdúná wá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 20 956 ló ń kà.

"Bàbá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ yín á dàbí ọmọdé."

"Rárá o, ọmọ mi. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọmọdé. Fi sí ibi tó dúró sí."

Rìwáyà ṣí i lórí orókún rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó ń yí kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmí dáadáa. Méje. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kà á pẹ̀lú ètè.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó so okùn mìíràn mọ́ sípídómítà, kí wọ́n tó de súkúrù tó gbẹ̀yìn. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ ní ìdajì, ó dúró kí iná ìgbóná dísẹ́ẹ̀lì kú, ó wá yí i parí. Ojú mẹ́ta náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tan iná iwájú. Abẹ́rẹ́ epo kò fò. A gba orí afárá Henri Konan Bédié kọjá lọ sí Marcory, omi ọ̀sà dúdú lápá méjèèjì, bàbá kò sì wo omi, kò wo ìlú. Ní àárín afárá, nọ́ńbà ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, díẹ̀díẹ̀, ó ku ìdajì, ó ku tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sí nọ́ńbà tuntun.