Ewé Akíntọ́lá ní Ọ̀nà Oko Ìjurìn



Ẹni tó bá rin ọ̀nà oko Ìjurìn láti ìparí oṣù Bélú wọ Ọ̀pẹ, òdòdó ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á funfun bí ìgbà tí wọ́n da òwú sí i. Tí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé kì í ṣe funfun gidi, àwọ̀ àlùkò tó ti ṣá wà nínú rẹ̀. Ewé Akíntọ́lá nìyẹn. Láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Àrámọ̀kọ, dé Ìjerò, bákan náà ló rí. Àwọn ọmọ wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Rárá o, àlejò ni. Apá Amẹ́ríkà tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ilé rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 ló bá irúgbìn igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó láti Sri Lanka wọ ìhà Ẹnúgu, ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn àgbà kan ń pè é ní Akíntọ́lá Takú. Ẹni tó bá rántí ìjà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, nígbà tí wọ́n ní kí Olóyè Akíntọ́lá kúrò nípò Pírẹ́míà tó fàáké kọ́rí, kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe ewé kan náà ní Awólọ́wọ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá onítọ̀hún ń ṣe. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é. Ní Ivory Coast, Sékou Touré. Ní Kamẹrúùnù, Bokassa. Ẹ ò rí i pé àwọn àgbẹ̀ ní ẹnu!

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi dé oko já ewé méjì fún mi. Ọ̀mùnú ọ̀kan pọ́n, ó fẹ́ dúdú bí àlùkò. Èkejì tutù minimini. Ó ní, "Bàbá, akọ àti abo ni wọ́n." Mo ní kó ra méjèèjì lọ́wọ́ kó gbóòórùn wọn. Òórùn kan náà ni. Mo tún ní kó wo iṣan mẹ́ta tó pín láti ìdí ewé. Bákan náà ni. Èyí tó pọ́n, inú oòrùn gan-gan ló ti hù. Èyí tó tutù, abẹ́ kòkó ló wà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń já ewé, ẹ má fi àwọ̀ nìkan mọ ewé.

Tata inú igbó rẹ̀ náà ń tan ènìyàn jẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúdú, ó ní tóótòòtó funfun àti yẹ́lò, wọ́n á wọ́ jọ sórí ewé kan bí ẹni ń ṣèpàdé. Tó bá dàgbà, á di aláwọ̀ ewé pẹ̀lú yẹ́lò, ọsàn àti dúdú. Òmíràn ìyẹ́ rẹ̀ gùn, òmíràn ìyẹ́ rẹ̀ kúrú. Tata kan náà ni gbogbo wọn. Òdòdó Akíntọ́lá ni wọ́n ń jẹ tí ara wọn fi ń korò, tí ẹyẹ kì í fi í fẹ́ jẹ wọ́n. Abẹ́ òjìji ewé yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin sí nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí Ẹrẹ́nà. Tó bá di Ọ̀wàrà sí Bélú, ẹyin á pa, ẹ̀gẹ́ á sì di igi lásán. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n yé sí, tó fi ọkọ́ hú ẹyin náà síta kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, ó ti ṣe ju ẹni tó ń fọ́n oògùn olóró kiri lọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú òkun pẹ̀lú, lọ́dọ̀ àwọn onísìn ẹgbẹ́ wa ní Kúbà. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹja kìnnìún, omi Éṣíà lọ́hùn-ún ni ilé rẹ̀. Wọ́n rí i ní etí òkun Florida ní 1985. Ní 2007 ó ti dé Kúbà, lẹ́yìn náà ó dé Bùràsíìlì. Òmíràn pupa, òmíràn pọ́n bí ilẹ̀, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní ilà funfun àti ẹ̀gún olóró. Ó ń jẹ àwọn ẹja onílé ní àjẹrun, àwọn ẹja ńlá ibẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ. Àwọn tó ń rì sísàlẹ̀ omi ló ń fi ọ̀kọ̀ gún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gé ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, tí wọ́n ń sè é jẹ. Èyí tó bá wà ní ibú tí èèyàn ò lè rì dé, ọwọ́ ò tó o.

Ti wa kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti tú kòkòrò kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 kó máa jẹ Akíntọ́lá, kò fìdí múlẹ̀. Ti Gánà ló rọ́wọ́ mú díẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Ìjurìn rèé: ibi tí igi ńlá ṣì dúró, Akíntọ́lá kò lè wọ̀ ọ́, nítorí kò fẹ́ òjìji tó pọ̀. Rínrín ṣì wà níbẹ̀ lójú ilẹ̀ tútù, wọ̀rọ̀wọ́ ṣì ń fà lábẹ́ kòkó. Níbi tí wọ́n ti la igi, tí oòrùn wọlé, Akíntọ́lá nìkan ló kù. Nígbà tí a fẹ́ gún omi ẹ̀rọ̀ fún ìkómọ kan, abúlé kejì ni wọ́n ti lọ já rínrín. Ìyá àgbà kan nínú ilé ní nígbà tí òun ṣe ìyàwó dé, ẹ̀yìnkùlé ni.

Mi ò sọ pé kí ẹ pa á run o. Bí àdá bá ṣá ọmọ lóko, omi rẹ̀ náà ni a ń fún sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ dá. Àwọn àgbẹ̀ sì mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá fi ṣe igbó fún ọdún mélòó kan máa ń sanra. Kó máa wà lóko ìgbóbo rẹ̀. Inú igbó òrìṣà ni kó má wọ̀. Ẹ má finá sun ún, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú. Ẹ hú u tìdí-tìdí kó tó tanná. Ẹni tó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó ti gbó, kó gbọn etí aṣọ rẹ̀ dáadáa kó tó wọ igbó, torí irúgbìn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ní Ìjurìn, wọ́n ti hú ojú ọ̀nà igbó náà mọ́, wọ́n sì ti ki ẹ̀ka akòko àti ìyeyè mọ́lẹ̀ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ìyeyè mẹ́ta ti ń rúwé.