Mo Dé Ọtí Tó Ṣì Ń Hó

Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Mo ní láti là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Mówè ni mò ń gbé, láàárín ibùdó ìjọ méjì, Prayer City àti Redemption City, níbi tí nǹkan kan kì í ti í bú gbàù lóru kí àdúgbò má wá ọ̀tá ìdílé sí i. Igò bíà tí mo fọwọ́ ara mi dé ló bú.

Ọkà bàbà ni mo fi ń pọn ọtí nílé. Màá rẹ ẹ́, màá jẹ́ kó hù, màá sá a, màá lọ̀ ọ́, kí n tó sè é, bí àwọn tó ń pọn bùrùkùtù ti ń ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá sá tọ ọkà bàbà àti àgbàdo nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé ní 1988. Ohun tí mo fi kún tèmi ni họ́ọ̀pù, òdòdó ewéko kan tó ń fà mọ́ igi ní ilẹ̀ òtútù bíi Jámánì. Bí a bá sè é mọ́ ọtí, ọtí á korò. Bí a bá dà á sínú ọtí tútù tó ti hó tán, òórùn ló máa ń fún un ní pàtàkì. Àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ láti London, òórùn ọsàn inú rẹ̀ ò sì jẹ́ kí n ronú mọ́.

Oníbàárà kan ní Ifọ̀ fẹ́ kéréètì mẹ́rin fún ìsọmọlórúkọ. Ó sanwó tán. Mo rí i pé ìfófòó inú kẹ́ẹ̀gì ti lọ sílẹ̀, mo ní ó ti parí. Mo da họ́ọ̀pù sí i, mo sẹ́ ẹ, mo fi ṣúgà díẹ̀ sí i kó lè hó tí wọ́n bá ṣí i, mo rọ ọ́ sígò, mo dé e pa. Hydrometer tí à ń jù sínú ọtí láti mọ iye ṣúgà tó kù wà nínú àpótí mi, n kò mú un jáde. Ìyá ìyàwó mi, tó pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bi mí pé, "Bàbá Tọ́lá, ṣé ọtí yìí ti sinmi tó?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Họ́ọ̀pù tí a kò sè ní ẹ́ńsáìmù, tó ń gé àjẹkù sítáàṣì tí yíìsì kò lè jẹ di ṣúgà tó lè jẹ. Àwọn onímọ̀ méjì, Brown àti Morris, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1893; èmi ni n kò kà á. Ọkà bàbà tó hù kò sì lágbára tó báálì láti sọ sítáàṣì di ṣúgà tán, nítorí náà àjẹkù pọ̀ nínú ọtí mi. Yíìsì tí mo rò pé ó ti sùn tún rí oúnjẹ. Gíráàmù méjì ṣúgà tó bá jẹ, nǹkan bíi gíráàmù kan gáàsì ni yóò tú sínú igò tí kò níhò.

Títí débẹ̀, àìmọ̀kan ni. Èyí tó kù kì í ṣe àìmọ̀kan. Igò kan bú lóru Ọjọ́bọ̀. Mo gbá àfọ́kù rẹ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé igò àlòkù ni, ó ti sán tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo kó ìyókù sínú ọkọ̀, a gba Ìbàfò dé Berger, a gba Ṣàngó dé Ifọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo ti náwó oníbàárà náà tán ni n kò fi lè ṣẹ́rí padà.

Wọ́n ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá àdògán lọ́jọ́ Sátidé. Àfọ́kù gé alásè kan lápá, wọ́n rán an. Mo san owó ìwòsàn, mo dá owó ọtí padà, mo sì ta ẹ̀rọ amúnáwá mi kí n tó rí i san. N kò jẹ́wọ́ ti igò Ọjọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwọn àlejò kan gbé igò lọ sílé. Igò aláwọ̀ ewé ni, kò ní lébẹ́ẹ̀lì, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó bá ṣì ní in lọ́wọ́ ní Ifọ̀ tàbí agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọdé sún mọ́ ọn. Ẹ fi aṣọ nípọn wé e, ẹ gbé e sínú fìríìjì títí yóò fi tutù dáadáa, kí ẹ tó lọ ṣí i níta, kí ẹ sì dà á nù.