Èèkàn Etí Òkun

Jacksonville, Florida,
Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ní kí n ṣàlàyé àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, níbi tí èèkàn tí wọ́n fi páìpù oníke ṣe ti nàró nínú yanrìn létí òkun, tí ọ̀pá ìpẹja sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ béèrè pé ṣé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn yìí fọwọ́ di ọ̀pá wọn mú ni, àti pé kí ni èrè ẹni tó fi gbogbo òru dọdẹ ẹja tí yóò tún dá padà sínú omi. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní fún ìbéèrè méjèèjì. Níbi tí a ti ń ri èèkàn yẹn mọ́lẹ̀ gan-an la ti ń pinnu bóyá ẹja náà yóò yè tàbí yóò kú, kí ìjẹ tó kan omi rárá.

Àkùràkudà ni wọ́n ń wá, ẹja ńlá eléyín ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní shark níbí. Ẹ má fi wé ẹja àrọ̀ tí à ń sìn lẹ́yìnkùlé. Àrọ̀ kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí a pa ọgọ́rùn-ún lónìí, odò kò ní mọ̀. Àkùràkudà kò rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní lemon shark máa ń tó nǹkan bí ọdún 12 kó tó lè bímọ, oyún rẹ̀ lè tó ọdún kan, ọmọ rẹ̀ kì í sì í sábà ju 17 lọ. Ẹni tó bá pa abo kan ti pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ run. Ìdí nìyí tí ìjọba Florida fi ka pípa lemon shark léèwọ̀ ní 2010, tí wọ́n sì fi tiger shark àti oríṣi mẹ́ta tí orí wọn dà bí òòlù kún un ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹ̀bá òkun tiwa sílẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń pa á fún ẹran àti fún lẹbẹ rẹ̀, tí lẹbẹ ọ̀hún sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Hong Kong. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun, tí Nàìjíríà ti wà nínú rẹ̀ láti 1974, fi òfin ṣàkóso òwò àwọn olórí òòlù yẹn. Ní 2022, wọ́n nawọ́ òfin náà dé orí odindi ìdílé tí lemon shark wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku bí ẹni tó ń fi ìwọ̀ ṣeré létí òkun yóò ṣe mú irú ẹja bẹ́ẹ̀ láì pa á. Páìpù yẹn máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n á gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè rọrùn láti wọlẹ̀, wọ́n á sì gba bóòtù kan kọjá nínú rẹ̀ ní ìbú, kí ìdí ọ̀pá lè jókòó lé bóòtù náà, kí yanrìn má baà wọ ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Yanrìn gbígbẹ tó wà lókè kò lágbára kankan, yíyọ́ ló ń yọ́. Ṣe ni wọ́n ń mi páìpù náà síwá sẹ́yìn títí yóò fi kọjá gbígbẹ tí yóò sì wọ inú èyí tó tutù, tó ṣù mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kékeré gbé ìjẹ lọ síwájú, nígbà mìíràn ó máa ń ju 200 mítà lọ, pẹ̀lú òjé tí wáyà rẹ̀ yóò há sí ìsàlẹ̀ òkun. Gíga ọ̀pá ló ń gbé okùn kọjá lórí ìgbì tó ń fọ́ nítòsí etí òkun. Bí èèkàn bá kúrú tàbí tó bá tẹ̀, okùn á wọ inú ìgbì, koríko òkun tó léfòó á dì mọ́ ọn, òjé á kúrò láyè rẹ̀, okùn á sì dẹ̀. Nínú dídẹ̀ yẹn ni ewu wà, nítorí àkùràkudà á ráyè gbé ìjẹ mì títí dé ikùn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Òfin ibí sọ pé ẹni tó bá fi ẹran tàbí ẹja ṣe ìjẹ gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí òrùka, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, nítorí pé bó bá di dandan láti gé okùn, ìpẹtà ni yóò yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja náà tó bá yá. Irú ìwọ̀ yìí kò fẹ́ kí a já a gbà. Bí ẹja bá gbé ìjẹ tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, tí okùn le, ìwọ̀ náà á yọ́ wá síwájú, á sì há sí igun ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèkàn sàn ju ọwọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ènìyàn kì í lè ṣe sùúrù: bí nǹkan bá ti fà á, òun náà á fà á padà, á sì já ìwọ̀ kúrò níbi tó yẹ kó há sí. Páìpù kì í bẹ̀rù, kì í yọ̀, ṣe ló kàn dúró gbọn-in. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti apá tó ń ro ènìyàn lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin.

Ẹnì kan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ri í jinlẹ̀ kí wọ́n sì lọ sùn. Àṣìṣe tó ń pa ẹja jù nìyẹn. Bí bíréèkì ẹ̀rọ náà bá le jù nígbà tí ọ̀pá wà nínú páìpù, ọ̀kan nínú méjì ni: yálà èèkàn á fà tu, tí gbogbo rẹ̀ á sì wọ òkun lọ, tàbí okùn á já, tí ẹja á máa wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà okùn kiri títí yóò fi lọ́ mọ́ òun tàbí ìjàpá òkun lọ́rùn. Nítorí náà, bíréèkì gbọ́dọ̀ rọ̀ níwọ̀nba, kí ẹ̀rọ náà sì máa ké bí okùn bá ti ń tú; ẹni tó bá gbé ọ̀pá sókè ló máa wá mú bíréèkì le. Ẹ wo ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko gbágùúdá aládùúgbò: ó ti wọn okùn, ó sì ti mọ ẹni tí yóò máa bójú wò ó, kó tó kúrò níbẹ̀. Iye èèkàn tí a ó rì gbọ́dọ̀ bá iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ mu. Ẹni kan ṣoṣo tó ri márùn-ún ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ẹja méjì bá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì á máa jà fún wákàtí kan láìsí ẹni tí yóò dá sí i. Ìjà gígùn yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ní omi Florida rí i pé tiger shark máa ń fara dà á, ṣùgbọ́n olórí òòlù ńlá lè wẹ̀ lọ lójú ẹni, kó sì kú níwájú.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Kí ló dé tí wọn kò kúkú fi ẹja ẹlẹ́ja sílẹ̀?" Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní jiyàn pé eré ni fún ẹja náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìmọ̀ ni wọ́n ń wá, torí láti 1962 ni àjọ ìjọba kan ti ń fún àwọn apẹja ní àmì tí wọ́n ń gún mọ́ ara àkùràkudà, kí a lè mọ ibi tó ń rìn dé. Ìmọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń pẹja níhìn-ín kì í gún àmì kankan, àwòrán ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo lè sọ kò pọ̀: ẹni tó mọ̀ pé olórí òòlù ń kọjá lásìkò náà, tí kò sì ní okùn líle tó lè parí ìjà kíákíá, kó ká èèkàn rẹ̀ nílẹ̀. Fún ẹni tó kù, òfin ti ṣètò ìparí rẹ̀: kó ní ohun tó lè gé ìwọ̀ tàbí wáyà lọ́wọ́, kó má sì jẹ́ kí ibi tí ẹja tí a kà léèwọ̀ fi ń mí kúrò nínú omi. Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú ìkẹyìn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìjẹ yìí ń pe ẹranko wá bá àwọn tó ń wẹ̀, àkùràkudà ti wà nínú omi yẹn tẹ́lẹ̀. Yunifásítì Florida ló ń ka iye ènìyàn tí àkùràkudà ń bù jẹ láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ. Ní 2024, 47 ni ní gbogbo ayé, 14 sì wà ní Florida. Síbẹ̀, dída ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹja gígé sómi láti etí òkun ti di èèwọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ìjàpá òkun ń yé ẹyin sínú yanrìn kan náà, nítorí náà a kì í ri páìpù nítòsí ibi tí wọ́n fi igi sàmì sí, a sì gbọ́dọ̀ dí ihò rẹ̀ bí a bá fà á yọ, kí ọmọ ìjàpá má baà jìn sí i.

Bí ọmọ yín bá dé nígbà ọlidé, tó sì fẹ́ gbìyànjú, ẹ sọ fún un pé láti 2019 ni ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16 ti gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì gba ìwé àṣẹ kó tó lè wá àkùràkudà láti orí ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un gbà. Kó yáa ṣe é láti ilé kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kó ka apá tó sọ nípa bí a ṣe ń tú ẹja sílẹ̀, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èèkàn kan ṣoṣo ni n ó fún un.



Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.